Wọ́n fẹ́ gé kòkó tí bàbá wa gbìn ní Sefwi. Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé owó gbà-má-bínú?

ỌmọÌníṣà_Sefwi
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gba oorun lójú mi, mo sì mọ̀ pé àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí wà níbí.

Ọmọ Ìníṣà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Gánà ni wọ́n bí wa sí, ní agbègbè Sefwi Wiawso. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà pẹ̀lú ìyá mi. Lẹ́yìn iná igbó 1983 tó jó oko kòkó káàkiri Gánà, bàbá mi gba ilẹ̀ ní abunu. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: onílẹ̀ á fún ọ ní igbó, ìwọ á ṣán an, wàá gbin kòkó, tó bá ti ń so, ẹ ó pín oko sí méjì dọ́gba-dọ́gba. Éékà 14 ni gbogbo rẹ̀, 7 jẹ́ ti bàbá mi. Wọn ò kọ ìwé kankan. Ọtí àti ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ẹlẹ́rìí náà sì ti kú. Bàbá mi fúnra wọn di ẹni ilẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, onílẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí kòkó ti ń ṣe bákan. Ewé ọ̀tun tó bá yọ, iṣan rẹ̀ á pọ́n. Ẹ̀ka ń wú bí orúnkún ẹni tí làkúrègbé ń ṣe. Kòkó tó bá so á rí roboto, kò ní gùn mọ́. Oṣù tó kọjá, òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n ka igi, wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí wọn, wọ́n ní gbogbo éékà 7 ni àwọn máa gé. Ìjọba á san GH¢1,000 (owó sídì Gánà) gbà-má-bínú, wọn á sì tún oko gbìn fún wa.

Ibi tó ti le ni ọ̀dọ̀ ọmọ onílẹ̀. Ó ní kòkó ni bàbá mi ní, pé wọn ò ní ilẹ̀, pé bí kòkó bá ti wó lulẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ti padà sílé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá fọwọ́ síwèé. Ìyá mi kò jẹun dáadáa látìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àgbẹ̀Kékeré_Ìdànrè
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi yẹn o. Ẹ gé ẹ̀ka tó wú dànù, kí ẹ wá oògùn tó dáa fín in lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Oko àbúrò bàbá mi ṣe báyìí lọ́dún kan, ewé wọ̀ dànù, a fín in, ó sọjí. Ẹni tó bá ti gba owó ìjọba ti ta oko rẹ̀ nìyẹn.

Alábòójútó_Oko
Àbúrò ará Ìdànrè, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn á run oko náà tán. Ọdún 11 ni mo fi bá àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣiṣẹ́ ní Gánà kí n tó padà wálé.

Iṣan ewé tó pọ́n, ẹ̀ka tó wú, kòkó tó rí roboto: fáírọ́ọ̀sì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní swollen shoot. Kò sí oògùn fífín kan tó ń wò ó. Kòkòrò funfun kékeré tó dà bí ẹ̀gbọ̀n òwú ló ń gbé e láti igi dé igi. Èèrà ló ń tọ́jú kòkòrò yẹn nítorí omi dídùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde, wọ́n á tún fi erùpẹ̀ mọ ilé bò ó. Oògùn tí ẹ bá fín kò ní dé ibi tó sá pa mọ́ sí. Ohun tó tún burú jù ni pé igi tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ń kú lè ti ní in nínú láìtíì fi hàn. Ìdí tí wọ́n fi ń gé igi tó yí aláìsàn ká mọ́ ọn nìyẹn. Tó bá jẹ́ oríṣi tó le, ọdún 2 sí 3 ni igi fi ń kú.

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lẹ́bàá Koforidua. Láti 1946 títí di àsìkò yìí, igi tí Gánà ti gé nítorí rẹ̀ ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí nǹkan mìíràn bá ń wò ó ni, wọn ò bá ti rí i.

Arábìnrin wa, ní ti ìwé tí wọ́n gbé wá fún yín: ètò tí ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè ní 2020 ni. Wọ́n á gé igi, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún ibòji, wọ́n á gbin kòkó tuntun sí i, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 2 kí wọ́n tó dá a padà. Àgbẹ̀ á gba GH¢1,000 lórí hẹ́kítà kan. Onílẹ̀ náà á gba iye kan náà. Ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa: onílẹ̀ ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n fi onílẹ̀ sínú ètò náà nítorí pé ohun tí ọmọ onílẹ̀ yín ń sọ yìí ni ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ń sọ, wọn ò sì jẹ́ kí iṣẹ́ lọ. Bó bá sọ pé òun ò mọ̀ nípa owó yẹn, ẹ sọ fún un.

Àgbẹ̀Kékeré_Ìdànrè
Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ oko àbúrò bàbá mi sọjí lóòótọ́, mo wà níbẹ̀.

Alábòójútó_Oko
Mo gbà ọ́ gbọ́. Ó lè jẹ́ kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀ka ló ṣe é. Ìyẹn máa ń sọ ewé di gbígbẹ, oògùn sì ń ràn án. Ṣé ẹ rí ẹ̀ka tó wú àbí iṣan ewé tó pọ́n nígbà yẹn?

Àgbẹ̀Kékeré_Ìdànrè
Rárá o. Ewé kàn gbẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ọmọ Ìníṣà, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé tiwọn.

Ajé_wọlé
Ṣé éékà 7 ni wọ́n pè é? GH¢7,000 nìyẹn. Kì í ṣe owó kékeré, ẹ gbà á.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́
Rárá, ẹ má ṣi obìnrin náà lọ́nà. Hẹ́kítà ni wọ́n fi ń ṣírò, kì í ṣe éékà. Éékà 7 kò pé hẹ́kítà 3. Owó yẹn á wà láàárín GH¢2,800 sí díẹ̀ lé, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ríi dájú pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ wọn oko, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀ lójú wọn.

Kí n tún sọ ohun kan tó ń dùn mí nípa owó yìí. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2020, GH¢660 ni wọ́n ń ra àpò kòkó kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ Gánà. GH¢1,000 nígbà náà tó àpò kan àtààbọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n kéde GH¢3,000 fún àpò kan. GH¢1,000 kan náà ti di ìdá mẹ́ta àpò. Ẹni tó ń gé oko rẹ̀ lónìí kò rí ohun tí ẹni tó gé e nígbà náà rí, ìyà kan náà sì ni wọ́n jọ ń jẹ.

ÌyáKòkó_Oǹdó
Àdùkẹ́ ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ọmọ Ìníṣà, ọmọ mi, ilẹ̀ ni kí o wò.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Ẹni tó gba ilẹ̀ ní agbègbè wa láyé àtijọ́, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san lọ́dọọdún. Níwọ̀n ìgbà tí kòkó bá wà lórí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ọjọ́ tí kòkó bá jóná tàbí tó gbó, tí o sì ní o fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ọjọ́ yẹn ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó kan tí ọkọ rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún ro ó. Kòkó ni ẹ̀rí tó ní, kòkó sì ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn wọlé, kí ìwé mìíràn ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìjọba nìkan. Ìwé láàárín ìwọ àti ọmọ onílẹ̀, pé kòkó tuntun tí wọ́n bá gbìn rọ́pò ti àtijọ́, pé abunu bàbá yín kò yí padà. Kí ẹ mú àgbààgbà ìlú ibẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọba ìlú kékeré bá wà, kí ó fi àmì rẹ̀ sí i. Kí ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ_Accra_Ìlá
Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ta ni oko wà nínú ìwé ìjọba báyìí? Bó bá ṣì jẹ́ orúkọ bàbá, owó kò ní rìn. Nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀, ọ́fíìsì kan dá owó ìyá mi dúró fún oṣù 8 torí pé orúkọ tó wà lórí káàdì wọn àti èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù yàtọ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ogún náà tún wà níbẹ̀. Ní agbègbè ẹ̀yà Akan bíi tiyín níbẹ̀, ẹbí ìyá ni ogún ń lọ sí, ṣùgbọ́n òfin PNDC 111 ti ọdún 1985 fún ìyàwó àti ọmọ ní ipò tiwọn bí ẹni tó kú kò bá kọ ìwé ìhágún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà láti kóòtù tó sọ pé ẹ̀yin àti ìyá yín lẹ ń bójú tó ohun tí bàbá fi sílẹ̀.

Bàbá_Ẹgbẹ́dá
Ẹ kú àkójọ o. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Nílẹ̀ Ìbàdàn níbí, àwọn bàbá wa ti rí èyí. Ọdún 1944 ni wọ́n rí àrùn yẹn lọ́dọ̀ wa. Títí di òní, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ń fi orúkọ àdúgbò wa pe oríṣiríṣi rẹ̀: Ẹgbẹ́dá, Ọ̀fà-Igbó, Ọlánlá. Kò wù mí kí wọ́n mọ ìlú mi nítorí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn ogun Hítílà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé kòkó. Bàbá mi sọ fún mi pé igi tó ṣì ní kòkó lórí, tó pọ́n, tó tó í ká, ni wọ́n dá àáké lé. Àwọn àgbẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn di òtòṣì ni. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Máyégún ti dìde. Kò sẹ́ni tó jókòó ti àwọn àgbẹ̀ kí ó ṣàlàyé fún wọn bí Alábòójútó ti ṣàlàyé lókè yìí. Bó bá ṣe pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìbínú ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi jà, wọ́n sì borí. Wọn ò gé tirẹ̀. Nígbà tí mo fi mọ ọwọ́ jẹ, oko yẹn ti di pápá. Igi kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gba owó kankan, wọn kò sì rí ẹni bá wọn tún un gbìn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé bàbá mi kábàámọ̀ rẹ̀ kí ó tó kú. Ó ní òun ì bá ti gé e fúnra òun.

Tísà_ìtàn
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n sì tún ibì kan ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe ìjà àwọn àgbẹ̀ nìkan ló dá gígé náà dúró nílẹ̀ Ìbàdàn. Ní 1950, àrùn ti tàn kọjá ohun tí wọ́n lè gé. Wọ́n pa àárín tì, wọ́n ń gé èyí tó bá yọ lẹ́yìn ààlà, kó má baà dé àwọn oko mìíràn.

Ní Gánà, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ìbínú nítorí kòkó tí wọ́n ń gé wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Watson kọ sílẹ̀ pé ó fa rògbòdìyàn 1948. Nígbà tí ìjọba Nkrumah wọlé ní 1951, wọ́n dá gígé tipátipá dúró, wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ tó bá gbà. Owó gbà-má-bínú kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ló jà kí ó tó dé.

Bàbá_Ẹgbẹ́dá
Ó dáa bẹ́ẹ̀, Tísà. Ohun tí bàbá mi rí láti orí ilẹ̀ tirẹ̀ ni mo sọ.

Ẹ̀jìgbò_Àbíjàn
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni mí, Côte d'Ivoire ni mo dàgbà sí. Àrùn yìí wà lọ́dọ̀ wa náà, apá Bouaflé ni wọ́n ti ń sọ nípa rẹ̀ láti 2003. Àna mi gé oko rẹ̀ níbẹ̀. Ó gé e mọ́, ó hú gbòǹgbò, ó tún un gbìn. Aládùúgbò rẹ̀ kọ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe kòkó òun. Ọdún kẹrin, àrùn ti padà sínú oko àna mi láti ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Ìbéèrè mi sí arábìnrin ni pé éékà 7 tó kù ńkọ́, ti onílẹ̀? Ààlà kan náà ni ẹ jọ ní. Bí wọ́n bá gé tiyín tí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ lásán ni.

Alábòójútó_Oko
Ará Ẹ̀jìgbò, o ṣeun, èmi gan-an gbàgbé láti béèrè. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyẹn. Bí onílẹ̀ bá kọ̀ pátápátá láti gé tirẹ̀, ẹ fi mítà 10 sílẹ̀ láàárín, ẹ gbin ọsàn tàbí ọ̀pẹ sí i. Kòkòrò yẹn kì í fò, ó ń rìn láti ewé sí ewé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn lè gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ tún wo inú oko bóyá igi àràbà tàbí pọ́npọ́lá wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yẹn ń gbé inú wọn láìpa wọ́n.

Ajé_wọlé
Kí wá ni wọ́n máa jẹ kí kòkó tuntun tó so? Ìdá mẹ́ta àpò lórí hẹ́kítà kan kò lè bọ́ ìdílé fún ọdún mẹ́ta.

ÌyáKòkó_Oǹdó
Ìbéèrè tó dáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Àti kókò, àti ata, bí ilẹ̀ bá gbà á. Oko kòkó tuntun tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú máa ń mú owó wọlé kí ọdún kejì tó parí. Ṣùgbọ́n kí ìwé sọ ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn! Ojú kòkó ni gbogbo ènìyàn ń wò, orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á ti jà.

Ọmọ_Ọ̀ṣun_Wálé
Díẹ̀ ni tèmi. Ní 2012, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ń fi fóònù pín àjílẹ̀ ní ìdajì owó fún àgbẹ̀, nọ́ńbà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá mi fi sílẹ̀ nítorí pé wọn ò ní fóònù. Ọmọ yẹn pàdánù síìmù rẹ̀. A ò rí àpò àjílẹ̀ kankan gbà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín fi orúkọ yín gbà sílẹ̀. Ẹ má fi ti ẹlòmíràn ṣe é, bó ti wù kí ẹni náà sún mọ́ yín tó.

ỌmọÌníṣà_Sefwi
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn, ibi tí mo wà kò ní nẹ́tíwọ̀kì dáadáa.

Orúkọ bàbá mi ni oko ṣì wà. N kò mọ̀ pé ó lè fa wàhálà. Mo ti bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀. Éékà 7 ti onílẹ̀: wọ́n sàmì sí díẹ̀ níbẹ̀, wọn ò sàmì sí gbogbo rẹ̀. Igi àràbà kan wà létí odò, bàbá mi máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Màá lọ bá ọmọ onílẹ̀ lálẹ́ ọ̀la pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin.

Alábòójútó_Oko
Kí ẹ sọ fún un pé owó tirẹ̀ wà, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

ỌmọÌníṣà_Sefwi
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n ròyìn fún yín.

Bí Alábòójútó ti sọ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ onílẹ̀ kò mọ̀ nípa owó tirẹ̀ rárá. Ó rò pé èmi nìkan ni ìjọba fẹ́ fún lówó, pé mo fẹ́ fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gba owó lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí a pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọdún kìíní sí méjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ bá a jà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọdún kan fún ilẹ̀ tí ọmọ mi náà máa ro, mi ò rí i bí ìyà. Ìyá wa ará Oǹdó, ẹ dárí jì mí bí mo bá ti ṣe ju bó ti yẹ lọ.

Ó ti tẹ̀ka sí ìwé níwájú àgbààgbà mẹ́ta. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkó tuntun rọ́pò ti àtijọ́, pé abunu bàbá mi dúró. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbà kí wọ́n gé èyí tí wọ́n sàmì sí nínú tirẹ̀ náà, a ó sì gbin ọsàn sí ààlà níbi tó kù. Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ sí tiwọn títí ìwé kóòtù á fi jáde, wọn ò jiyàn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn oko, hẹ́kítà 2.7 ló jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn.

ÌyáKòkó_Oǹdó
O kò ṣe ju bó ti yẹ lọ, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́?

ỌmọÌníṣà_Sefwi
Wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n ní kí wọ́n tó gbé ayùn wọlé, àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn ká ìwọ̀nba kòkó tó kù lórí igi. Láàárọ̀ ọ̀la la máa lọ.